Etí Lọ̀rọ̀ Wà: bí afọ́jú àti ẹni tójú ẹ̀ ríran ṣe lè máa kọ̀wé síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí mẹ́sẹ́ẹ̀jì já sínú gúrúùpù kan tí mo wà, ni fóònù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí mi létí: "Fọ́tò. Ẹ gbà mí o, ẹ wo nǹkan tí ológbò yìí ṣe. Ojú tó ń da omijé ẹ̀rín. Ojú tó ń da omijé ẹ̀rín. Ojú tó ń da omijé ẹ̀rín..." òyìnbó ló fi ń ka ti ìmójì o, èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀ fún yín, ìgbà mọ́kànlá ló kà á kí sùúrù mi tó tán tí mo fìka gbá a kọjá. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ẹni kan ní "mo ti kú", ẹnì kejì ní "ìrísí ojú ẹ̀ yẹn ló pa mí jù", ẹnì kẹta ní "ẹ wo ohun tó kọ sórí ẹ̀ kẹ̀". Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, èmi jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ń fi èdè tí ò gbọ́ ṣàwàdà níwájú ẹ̀.

Afọ́jú ni mí. Mi ò bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ ẹ, ẹni tójú ẹ̀ ò ríran ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa pe àwọn, bí ẹnì kan bá ṣe pe ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá a pè é. Ẹ̀yin tójú yín dáa ńkọ́, mi ò lè máa pè yín ní aríran, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì gba àṣẹ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fojú kàwé ni màá máa pè yín, àwa sì ni à ń fetí kàwé. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ ni, àmọ́ ní ti àwa yìí etí lọ̀rọ̀ wà, ìka ọwọ́ ló sì wà fún àwọn míì nínú wa.

Nǹkan tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bá a ṣe lè máa kọ nǹkan síra wa tí ò fi ní sẹ́ni tó máa jókòó bí àlejò. Ìmọ̀ràn wà fún ẹ̀yin olójú, ó sì wà fún àwa náà, torí ẹ̀bi yìí ò sí lápá kan.

Bọ́rọ̀ yín ṣe ń dé etí wa

Sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n ń pè ní screen reader, akàwé ni màá máa pè é níbí kẹ́nu má bàa dùn wá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sókè, látorí lẹ́tà dórí bọ́tìnnì. Lórí Windows, JAWS ti wà láti 1995, owó ni wọ́n fi ń rà á. NVDA ní tiẹ̀, Michael Curran tóun náà jẹ́ afọ́jú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006, ọ̀fẹ́ ni, òun lèmi ń lò lórí kọ̀ǹpútà. VoiceOver ti ń bá iPhone bọ̀ láti 2009, Android sì ní TalkBack. Ìyẹn ni pé kò séèyàn tó ní láti "ṣe fóònù afọ́jú", fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn gan-an mọ̀wé kà.

Akàwé ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, látòkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń fa okùn látinú kànga, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan lọ̀rọ̀ kejì ń bọ̀. Ẹ̀yin máa ń wo mẹ́sẹ́ẹ̀jì gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú yín á fo ìkíni, á fo àdúrà, á lọ bà sórí ọjọ́ àti aago. Èmi ò lè fò bẹ́ẹ̀ torí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fò kí n tó gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ ìpàdé sí ìlà tó gbẹ̀yìn, mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣáájú tán kí n tó mọ̀ pé ìpàdé wà. Lóòótọ́ a máa ń sáré gbọ́ ọ, eré tí mo fi ń gbọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ẹ máa rò pé fóònù mi ń bú ẹnì kan, síbẹ̀ eré náà ní ìwọ̀n.

Àwọn tó ń fìka kàwé tiẹ̀ tún wà. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń so mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, àwọn ìṣó kéékèèké ẹ̀ á máa yọrí, á máa wọlé, wọ́n á máa di lẹ́tà Braille, lẹ́tà olójúàmì mẹ́fà tí Louis Braille tó jẹ́ ọmọ Faransé ṣe nígbà tí ò tíì ju ọ̀dọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn ò lè gbé ju lẹ́tà 40 lọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn kékeré kan ò ju 14 tàbí 20 lọ. Ẹ rò ó wò, mẹ́sẹ́ẹ̀jì aláàádọ́ta ìlà, lẹ́tà 14 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí wọn ò ríran tí wọn ò tún gbọ́ràn, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n ní, ẹ fi wọ́n sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń rò pé "màá kàn fi fóìsì ránṣẹ́ sáwọn afọ́jú, ó rọrùn fún wọn".

Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo máa ń fún àwọn ọ̀rẹ́ mi: ká ní ẹ ń ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín fún ẹnì kan lórí ìpè, tí ò sí níwájú yín, tí ò rí ohun tẹ́ ẹ ń nà sí, ṣé ó máa yé e? Tó bá máa yé e, ẹ fi ránṣẹ́.

Tó bá sì wù yín kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń rí gan-an, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Accessibility, ẹ tan VoiceOver tàbí TalkBack. Ẹ fara balẹ̀ o, torí tó bá ti tàn báyìí ìwà fóònù á yí padà: tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á kàn kà á ni, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí, ìka kan ò sì ní yí ojú fóònù lọ sísàlẹ̀ mọ́, ìka mẹ́ta ni lórí iPhone, méjì ni lórí Android. Ẹnì kan ti pè mí rí lórí fóònù ẹlòmíì, ó ń mí gúlegúle, ó ní fóònù òun ti ya wèrè. Kò ya wèrè kankan. Láti pa á, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti tàn án, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó kà á, kẹ́ ẹ wá tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ dijú, ẹ ṣí gúrúùpù tó lérò jù nínú fóònù yín, ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ ò ní nílò ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí mọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, ó yá ká máa lọ.

Fọ́tò

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí ibí ni wọ́n ti ń fi wá sílẹ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní àyè tẹ́ ẹ ti lè kọ àpèjúwe ẹ̀, alt text ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fojú kàwé kì í sábà rí i, akàwé nìkan ló ń kà á. Kì í ṣe nǹkan tuntun, ó ti wà nínú HTML, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1995, àwọn èèyàn ni ò kàn ń lò ó. Lórí Facebook àti Instagram ẹ máa rí i níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣàtúnṣe fọ́tò tàbí nínú settings kẹ́ ẹ tó pósítì, lórí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì kan wà lára fọ́tò tí wọ́n kọ ALT sí. Níbi tí ò bá ti sí àyè ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ ò jẹ gbèsè mọ́.

Kí lẹ máa kọ? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán", akàwé ti sọ pé fọ́tò ni kó tó kà á, tẹ́ ẹ bá tún kọ ọ́ á wá dà bí "fọ́tò, àwòrán fọ́tò". Ẹ lọ tààrà sínú ohun tó wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé kí ló mú mi gbé fọ́tò yìí síbí? Ohun yẹn gan-an lẹ máa kọ. Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan, kẹ̀kẹ́ ológeere ló wà níbẹ̀, ẹnì kan jókòó lé e. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ yẹn, àpèjúwe tó wúlò fún mi ni "kẹ̀kẹ́ búlúù, gíga ẹ̀ tó ti àgbàlagbà, táyà ẹ̀yìn ti fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ, ọ̀dà ti ṣí díẹ̀ lábẹ́ ìjókòó". Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ta ni táyà kàn? Ẹ kọ pé "àbúrò mi rèé lórí kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí, ó la ẹnu gbàgà, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí igbe". Fọ́tò kan náà ni o.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kí wọ́n kọ àwọ̀, àwọn ò fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ ọ́! Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ríran rí kójú tó lọ, èmi ṣì rántí pupa dáadáa, ẹni tí ò tiẹ̀ rí àwọ̀ rí láyé ẹ̀ náà mọ̀ pé aṣọ funfun tí ẹrẹ̀ ta sí ní ìtàn nínú. Ìlà kan tàbí méjì ti tó, ẹ má kọ ìwé. Fọ́tò tó kàn wà fún ẹwà lásán, òdòdó tẹ́ ẹ fi sábẹ́ "ẹ káàárọ̀", ẹ kàn lè kọ "òdòdó" kó parí.

Àwàdà orí fọ́tò wá ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú fọ́tò, kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ní títò tí ojú ń gbà rí i, kí ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ "ẹnì kan ń sáré torí ajá ń lé e, ó wá jẹ́ pé ajá ẹ̀ ni", ó dáa. Ẹni tó bá kọ "fọ́tò ajá olówó ẹ̀ tó ń lé e", ó ti pa àwàdà náà kí n tó dé ibẹ̀.

Èyí tó burú jù fún mi ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di fọ́tò. Ìwé ìpè, ìkéde, screenshot ìjíròrò ẹlòmíì, gbogbo ẹ̀ lọ̀rọ̀, èèyàn ló táìpù ẹ̀, wọ́n wá yà á ní fọ́tò, akàwé dé ibẹ̀ ó ní "fọ́tò", ó kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé ìpè sí gúrúùpù, ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀: "Ìpàdé gbogbo wa, Sátidé ọjọ́ 14, aago mẹ́wàá àárọ̀, lórí Zoom, líǹkì ẹ̀ rèé." Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ń wá a lọ́jọ́ mìíràn, torí fóònù yín lè wá ọ̀rọ̀ rí kíákíá, ó ṣòro kó wá fọ́tò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ṣebí ẹ̀rọ ti ń ṣàpèjúwe fọ́tò fúnra ẹ̀ báyìí. Ó ń ṣe é. Facebook ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà yẹn "ó lè jẹ́ èèyàn méjì, ìta gbangba" ló máa ń sọ, ìyẹn ò sì kúrò nínú kí wọ́n sọ fún yín pé "nǹkan wà níbì kan". Àwọn ti ìsinsìnyí gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n á tú fọ́tò palẹ̀ fún ẹ ní ìlà mẹ́wàá, àmọ́ tí wọn ò bá mọ nǹkan wọn kì í sọ pé àwọn ò mọ̀, wọ́n á kàn purọ́ ẹ̀ ní ohùn kan náà. Ọ̀kan ti ka aago 3 fún mi ní aago 8 rí, mo dé ibẹ̀, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ sì wulẹ̀ lè sọ ohun tó wà nínú fọ́tò ni, kò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi gbé e síbẹ̀, kò mọ̀ pé ẹni tó wà lápá òsì yẹn ni ẹni tẹ́ ẹ ti ń wá láti ọdún mẹ́wàá.

Ìmójì, lẹ́tà oge àti hashtag

Ìmójì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, orúkọ yẹn sì ni akàwé ń pè. Ẹ má torí ẹ̀ ṣíwọ́ lílò ó, àwa náà fẹ́ràn ẹ̀, ẹ kàn fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀, kó jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹni tó ń fi ìmójì sí àárín gbólóhùn, tó fi ọkàn pupa rọ́pò "fẹ́ràn", tó fi ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ sáàárín gbogbo ọ̀rọ̀, ohun tí mò ń gbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni "ẹ ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ kú ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́". Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n fún ìmójì lè má jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, agbárí òkú tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń rẹ́rìn-ín, agbárí òkú ni akàwé máa pè é fún mi, tẹ́ ẹ bá fi dáhùn ìròyìn àìsàn mi mo máa rò pé ẹ ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dè mí.

Àwọn lẹ́tà oge yẹn ńkọ́, èyí tí wọ́n ń lọ kọ́pì wá kí orúkọ wọn lè rí wíńtíwíńtí tàbí kó nípọn. Ẹ̀yin rí oge. Àwọn tó ṣètò lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà tìtorí àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n ṣe kó wọn síbẹ̀, orúkọ ìṣirò ni kọ̀ọ̀kan wọn sì ń jẹ́, nítorí náà akàwé lè pe ìkọ̀ọ̀kan wọn ní "lẹ́tà ìṣirò tó nípọn, A ńlá, lẹ́tà ìṣirò tó nípọn, D kékeré," ó sì lè máà sọ nǹkan kan rárá, á kàn fò wọ́n bíi pé òfìfo ló wà níbẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tí mo ti bá wà nínú gúrúùpù fún oṣù mẹ́jọ kí n tó mọ̀ pé ó lórúkọ.

Hashtag rọrùn. Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀, #IseTiBere, kì í ṣe #isetibere, kí akàwé lè mọ ibi tó ti máa gé e. Àwọn ìlà gígùn tẹ́ ẹ fi ń pààlà, ===== tàbí *****, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn akàwé kan máa ń kà á bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ fo ìlà kan sílẹ̀ lófo, ààlà ti wà nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn, tó jẹ́ tiwa nìkan. Ọ̀pọ̀ ohùn tó wà nínú akàwé, èdè mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, tó bá dé orí ẹ́ oníàmì lókè oníàmì nísàlẹ̀, ó lè kọsẹ̀, torí nínú kọ̀ǹpútà nǹkan méjì ni lẹ́tà yẹn, ẹ tó lámì nísàlẹ̀ dá wà, àmì òkè sì dá wà, wọ́n kàn gbé ọ̀kan gun èkejì ni. Ohùn míì á ka ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, á dúró pe àmì, á tún máa bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ á wá di ọ̀kan náà létí mi, "oko mi ti baje" lè mú kí n máa bá yín kẹ́dùn ohun tí ò ṣẹlẹ̀. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "ṣé fóònù yín ń ka àmì dáadáa?" Ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ máa ṣe fún un. Níbi tí èrò pọ̀ sí, ẹ fi àmì sí i. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi àwa afọ́jú ṣe àwáwí láti má fi àmì sí Yorùbá, ẹ̀rọ ló yẹ kó kọ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ tó ń nawọ́

"Ẹ wo òkè." "Ẹ tẹ ibí." "Ẹ mú èyí tó pupa." Gbogbo ẹ̀ ń nawọ́ sí nǹkan, èmi ò sì rí ọwọ́ tẹ́ ẹ nà. A máa ń fò láti líǹkì kan sí òmíì láti mọ ohun tó wà lójú ìwé, tí líǹkì mẹ́jọ bá wà tí gbogbo wọn ń jẹ́ "ibí", ibo ni mo fẹ́ wọ̀? Ẹ kọ orúkọ ibi tí líǹkì ń lọ: "fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀". Dípò "tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé" ẹ kọ "tẹ bọ́tìnnì Submit", dípò "ohun tí ẹni òkè yẹn sọ" ẹ pe orúkọ onítọ̀hún, torí kí n tó gbọ́ tiyín, ọ̀rọ̀ ogún èèyàn mìíràn lè ti wọlé. Bọ́tìnnì reply wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀.

Fáìlì PDF ńkọ́, ẹ fìka tẹ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ kọ́pì. Tí ò bá gbà, fọ́tò ìwé ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ fi ojúlówó fáìlì tẹ́ ẹ ti táìpù ẹ̀ ránṣẹ́. Nínú ìwé gígùn, ẹ lo Heading gidi, ìyẹn àkòrí, tó wà nínú Word, ẹ má kàn sọ ọ̀rọ̀ di ńlá, lẹ́tà H kan ṣoṣo ni mo máa ń tẹ̀ lórí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì láti fò láti àkòrí kan sí òmíì, òun ni ojú tèmi.

Ó kan ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń fetí kàwé

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, àwa náà máa ń ni wọ́n lára.

Ohun tí etí ò gbọ́, ojú á rí i. Ẹ lè táìpù ọ̀rọ̀ kan kí akàwé kà á dáadáa kó jẹ́ pé lẹ́tà kan ti ṣí nípò, tàbí kí àlàfo mẹ́ta wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, tàbí kẹ́ ẹ kọ ogójì ìlà láì já a sí ìpínrọ̀. Etí ò ka ìyẹn sí, àmọ́ ẹni tó ń fojú kà á, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ Enter lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún. Tí ìwé náà bá ṣe pàtàkì, ìwé ìwáṣẹ́ tàbí lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ dín eré akàwé kù, kẹ́ ẹ fi ọfà òsì àti ọ̀tún rìn ín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pàápàá orúkọ èèyàn. Lórí NVDA ohùn á ga díẹ̀ tó bá dé orí lẹ́tà ńlá, ẹ fetí sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ kí fóònù máa bá yín kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Mo ti kí ọ̀gá mi "ẹ kú ìṣẹ́" rí. Kò dáhùn.

Tẹ́ ẹ bá ń béèrè fọ́tò, ẹ béèrè ẹ̀ tààrà. "Ẹ ò rò ti afọ́jú" kì í jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó máa ṣe, á kàn bẹ̀bẹ̀, á sá lọ. "Akàwé mi ò ka fọ́tò yẹn, ẹ jọ̀ọ́ aago mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?" máa ń rí ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ò ríran, ẹ sọ ọ́ nígbà tó bá ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kó yí padà.

Àwọn tó ń fojú kàwé ti mọ́ ìmójì lára débi pé tẹ́ ẹ bá ń kọ "ó dáa." pẹ̀lú àmì ìdánudúró lásán, wọ́n á rò pé inú ń bí yín. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Ẹ máa fi ọ̀kan sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: lórí Windows ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kẹ́ ẹ tẹ àmì ìdánudúró, àpótí ìmójì á ṣí, ẹ táìpù orúkọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Fọ́tò tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí olójú kan bá yín wò ó kó tó lọ, tí ò bá sí nítòsí, áàpù Be My Eyes wà láti 2015, ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ á fi fídíò wò ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi í nípa ohun tó wà lẹ́yìn yín nínú fọ́tò náà o, kì í ṣe ojú yín nìkan, káàdì báǹkì tó wà lórí tábìlì ò ní pariwo.

Ẹ̀yin olójú, nǹkan kékeré mẹ́ta péré ló kù. Ẹ lè sọ "rí" àti "wò" fún wa, èmi náà máa ń ní "mo ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín", ẹni tó bá kọ "ṣé o ti rí... áà, má bínú, ṣé o ti gbọ́" ló ń sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìkọ nínú ohun tí mo kọ, ẹ má rò pé mi ò kàwé, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kọ̀rọ̀ sọ fún mi, inú mi á dùn. Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ lọ béèrè ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, "ṣé ó gbọ́ ohun tá a kọ?", nígbà tí mo wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fóònù yín ń sọ pé mo wà níbẹ̀.

Ti ológbò yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni ẹnì kan nínú gúrúùpù tó rántí mi tó kọ ọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀: "Má bínú jàre. Ológbò dúdú ló dùbúlẹ̀ gbalaja sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan tẹ Enter, ó ń wo kámẹ́rà bí ọ̀gá tí wọ́n dí lọ́wọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ìmeèlì ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kkkkkkkkkkkk. Ọ̀gá ti fèsì: Mo gbà."

Èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń rẹ́rìn-ín, wákàtí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín tiwọn tán. Mo wá ojú tó ń da omijé ẹ̀rín, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ẹyọ kan.